Ẹyin Lohùn: Orpheus, Ọ̀mùtí àti Bàbá Sàlá

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn; bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ ni a sábà máa ń fi òwe yìí kìlọ̀ fún, pé kí ó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí òwe náà kò bèèrè: nígbà tí ohùn akéwì bá fọ́, ọwọ́ ta ni ó ti bọ́? Ṣé ọwọ́ akéwì fúnra rẹ̀ ni, tàbí ọwọ́ àwọn tí ó ń kéwì fún? Àwọn ará Gíríìkì àtijọ́ ní èsì tiwọn. Ọmọ Faransé kan, Jean Cocteau, fi fíìmù mẹ́ta tún èsì náà gbé yẹ̀ wò. Àwa náà ní èsì tiwa, nínú ìwé Amos Tutùọlá, lórí ìtàgé Kọ́lá Ògúnmọ́lá, àti nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí fíìmù Bàbá Sàlá. Èrò mi ni pé Cocteau ló mọ iṣẹ́ fíìmù jù nínú gbogbo wọn, ṣùgbọ́n èsì tiwa ló yẹ kí ó ká àwa tí a ń gbé Èkó lára jù.

Ìtàn Gíríìkì náà kò gùn. Orpheus jẹ́ akọrin tí ó mọ ohun èlò olókùn ta tó bẹ́ẹ̀ tí ẹranko igbó ń dúró gbọ́ ọ, tí igi àti òkúta ń ṣí nídìí tẹ̀lé e. Ejò bu Eurydice ìyàwó rẹ̀ jẹ, ó kú. Orpheus kọrin wọ ìlú àwọn òkú lọ, orin náà sì wọ ọba ibẹ̀ lára débi pé ó yọ̀ǹda obìnrin náà fún un. Èèwọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n kà fún un: kò gbọ́dọ̀ bojú wo ẹ̀yìn títí àwọn méjèèjì yóò fi dé ayé. Ó bojú wẹ̀yìn. Ìyàwó rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí ó yá, agbo àwọn obìnrin kan tí òrìṣà ọtí ń gùn fa Orpheus fúnra rẹ̀ ya. Orí rẹ̀ bọ́ sínú odò, wọ́n sì ní bí ó ti ń ṣàn lọ ni ó ń kọrin.

Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti lóye èèwọ̀ yìí. Ẹni tí ó gbé ẹbọ dé oríta kì í wẹ̀yìn bí ó ti ń padà bọ̀ wálé. Ojúẹlẹ́gbà tí a ń gbà kọjá lójoojúmọ́ láti Surulérè sí Yábà tàbí Mushin, ojúbọ Ẹlẹ́gbára ni ó fún un lórúkọ kí ó tó di ibi tí ọkọ̀ ti ń ké fún èrò. A mọ̀ pé oríta ní olùṣọ́, a sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ kọjá ibẹ̀ ní òfin tí yóò pa mọ́.

Orúkọ Orpheus náà kò ṣàjèjì láàárín wa. Ní 1948 ni Jean-Paul Sartre kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí àkójọ ewì àwọn aláwọ̀ dúdú tí Léopold Sédar Senghor ṣe. Ó pe ọ̀rọ̀ náà ní Orphée noir, èyí ni Orpheus adúláwọ̀. Ó ní akéwì adúláwọ̀ ń sọ̀kalẹ̀ lọ sínú ara rẹ̀ láti lọ mú ìwà dúdú rẹ̀ jáde, bí Orpheus ti lọ mú aya rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni Ulli Beier àti Janheinz Jahn ti rí orúkọ fún ìwé àtìgbàdégbà Black Orpheus tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1957. Láti 1968 ni J. P. Clark àti Abíọ́lá Ìrélé ti gba iṣẹ́ olóòtú rẹ̀, tí ìwé náà sì wá bọ́ sábẹ́ Yunifásítì Èkó ní Akọkà. Ní 1959, Marcel Camus gbé Orpheus lọ sí Rio de Janeiro nínú fíìmù Orfeu Negro, níbi tí awakọ̀ ojú irin kan ti wá olólùfẹ́ rẹ̀ dé ibi tí wọ́n ti ń pe ẹ̀mí, tí òkú sì fi ẹnu arúgbó obìnrin kan bá a sọ̀rọ̀. Nínú gbogbo ìwọ̀nyí, Orpheus ni wọ́n kùn ní dúdú. Kò sí ẹni tí ó bèèrè nínú wọn bóyá àwọn adúláwọ̀ fúnra wọn ní ìtàn ẹni tí ó lọ sí ìlú òkú, kí a sì gbé tiwọn kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gíríìkì.

Kí a tó gbé e kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fún Cocteau ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. A bí i ní 1889, ó kú ní 1963. Akéwì ni, ayàwòrán ni, ó ń kọ eré, ó sì ń darí fíìmù. Ní Paris ìgbà ayé rẹ̀, àwọn oníṣẹ́ ọnà kan wà tí wọ́n ń pe ara wọn ní surrealist, tí André Breton jẹ́ olórí wọn. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé àlá ni iṣẹ́ ọnà gbọ́dọ̀ tẹ̀lé, kì í ṣe ìlànà ọgbọ́n orí. Wọn kò ka Cocteau kún ara wọn, òun náà kò sì fẹ́ kí a kà á kún wọn. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá fẹ́ mọ bí àlá ti lè di fíìmù, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò lọ wò. Le Sang d'un poète, èyí ni Ẹ̀jẹ̀ Akéwì, ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ó ya á ní 1930, wọ́n sì fi han gbogbo ènìyàn ní 1932. Orphée jáde ní 1950, Le Testament d'Orphée, Ìwé Ìhágún Orpheus, sì jáde ní 1960. Nínú ti ìkẹyìn yìí, Cocteau fúnra rẹ̀ ni akéwì tí ń rìn kiri nínú ìran.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú fíìmù wọ̀nyí ni pé nǹkan inú ilé ni ó fi ń ṣe ìyanu. Nínú Orphée, dígí ni ilẹ̀kùn ọ̀run. Bí akéwì yóò bá wọlé, yóò kọ́kọ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Ìbọ̀wọ́ náà sì ń fò mọ́ ọn lọ́wọ́ bí ẹni pé ó ní ẹ̀mí. Ọgbọ́n tí wọ́n fi ṣe é kò ju pé kí òṣèré bọ́ ìbọ̀wọ́ náà, kí wọ́n sì yí fíìmù padà láti ìdí wá sí orí. Nígbà tí ọwọ́ bá sì wọ inú dígí, agbada tí ó kún fún omi mẹ́kúrì ni wọ́n fi ṣe é. Kò sí èéfín, kò sí àrá, kò sí ojú tí ń tàn bí iná. Nínú ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, wọ́n máa ń sọ fún ọmọdé pé kí ó má wo dígí lóru. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ bẹ́ẹ̀ kò ní rẹ́rìn-ín nígbà tí Ikú bá gba inú dígí yàrá jáde láti wo akéwì tí ó sùn.

Ikú yìí náà yàtọ̀ sí tiwa. Tiwa ń gbé kùmọ̀. Tirẹ̀ jẹ́ obìnrin arẹwà tí María Casares ṣe, tí ń gun ọkọ̀ dúdú ńlá, tí àwọn ọlọ́pọ̀n-ọ́n alùpùpù méjì ń ṣíwájú rẹ̀ tí wọ́n ń pa ènìyàn lójú títì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀gá ara rẹ̀. Àṣẹ ni wọ́n ń pa fún un, kò sì mọ ibi tí àṣẹ ti ń wá. Bí ó bá ṣe ju ohun tí wọ́n rán an, ilé ẹjọ́ ń dúró dè é. Láàárín ayé àti ọ̀run, Cocteau fi ilẹ̀ kan tí ó kún fún ilé wíwó sí, níbi tí atẹ́gùn ti ń ti ènìyàn sẹ́yìn, tí ọkùnrin kan sì ń kiri dígí títà níbi tí kò sí fèrèsé kankan mọ́. Ó ti kú, ṣùgbọ́n ìpolówó kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. Ará Èkó tí ó bá rí ọkùnrin yìí yóò mọ̀ ọ́n.

Lẹ́yìn dígí ni rédíò. Àwọn baba wa pe rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì, n kò sì mọ orúkọ tí ó bá rédíò inú fíìmù yìí mu ju èyí lọ. Inú ọkọ̀ Ikú ni ó wà. Ó ń sọ àwọn gbólóhùn kúkúrú tí kò ní orí tí kò ní ìdí, bí irú èyí tí ilé rédíò Lọ́ńdọ̀nù ń fi ránṣẹ́ ní àdììtú sí àwọn tí ń bá Jámánì jà lábẹ́lẹ̀ ní Faransé nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Orpheus kò kúrò nídìí rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ lóyún, kò dá a lóhùn. Rédíò ni ó ń tẹ́tí sí, tí ó ń kọ ohun tí ó ń sọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ewì ara rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin akéwì kan tí ó ti kú, Cégeste, ni ó ń sọ ọ́ láti ọ̀run. Àwa tí ohùn Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀ àti ti Lánrewájú Adépọ̀jù ti inú rédíò wọ yàrá wa kí a tó mọ ojú wọn, a mọ bí ewì tí a kò rí ẹni tí ń ké e ti lè di ènìyàn mú. Ṣùgbọ́n kí a kíyè sí ohun tí Cocteau sọ níbẹ̀: akéwì ńlá tí gbogbo ìlú ń gbé gẹ̀gẹ̀, olè ni. Iṣẹ́ òkú ni ó ń jí kọ.

Níbi yìí gan-an ni fíìmù náà ti fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn. Nínú rẹ̀, ohun gbogbo, olè jíjà, ìfẹ́ àti ikú, àárín akéwì àti ọkàn rẹ̀ ni ó wà. Orpheus kò lọ sọ́run nítorí Eurydice. Ikú ni ọkàn rẹ̀ fà sí. Nígbà tí wọ́n dá ìyàwó rẹ̀ padà fún un tán, pẹ̀lú èèwọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ wo ojú rẹ̀ mọ́, inú dígí tí awakọ̀ fi ń wo ẹ̀yìn ni ó ti rí i, obìnrin náà sì pòórá. Ọkùnrin náà kò tilẹ̀ sunkún púpọ̀. Àwọn ará ìlú tí wọ́n wá bá a jà, àwọn èwe akéwì àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, ìlara àti ìbínú ni wọ́n bá wá. Ìbọn ni ó sì pa á nínú ìjàkadì náà. Agbo lásán ni wọ́n. Cocteau kò bèèrè ohun tí wọ́n jẹ, ohun tí wọ́n mu, tàbí ohun tí akéwì jẹ wọ́n.

Ẹ wá jẹ́ kí a wo tiwa. Ní 1952 ni ilé iṣẹ́ Faber ní Lọ́ńdọ̀nù tẹ The Palm-Wine Drinkard jáde. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Tutùọlá tí ó kọ ọ́, ìránṣẹ́ ni ó sì ń ṣe ní ọ́fíìsì ìjọba ní Èkó nígbà tí ó ń kọ ọ́. Ní 1963, Kọ́lá Ògúnmọ́lá gbé e sórí ìtàgé ní Yunifásítì Ìbàdàn ní èdè Yorùbá; Demas Nwoko ni ó ṣe ètò ìtàgé náà, a sì mọ eré náà sí Ọ̀mùtí. Ìtàn ọkùnrin kan ni, tí kò ní iṣẹ́ mìíràn ju ẹmu mímu lọ. Ẹlẹ́mu rẹ̀ já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, ó kú. Ẹmu tán, àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n ń kún ilé rẹ̀ kò sì wá mọ́. Ọ̀mùtí gbéra láti lọ wá ẹlẹ́mu rẹ̀ ní ìlú àwọn òkú.

Ìpìlẹ̀ ìtàn méjèèjì kò jìnnà síra. Orpheus ti Cocteau bẹ̀rẹ̀ ní ilé kọfí tí àwọn akéwì ti kẹ̀yìn sí i. Ọ̀mùtí bẹ̀rẹ̀ nínú ilé tí ọ̀rẹ́ ti sá kúrò. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ ni Ọ̀mùtí ń wá lọ, ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ń kó ènìyàn jọ. Èkejì, ó fẹ́ ìyàwó lójú ọ̀nà, obìnrin tí ó gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ agbárí kan tí ó yá ẹ̀yà ara ènìyàn lò, obìnrin náà sì bá a rin gbogbo ọ̀nà tí ó kù, ó ń sọ ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ nípa ohun tí ń bọ̀. Níhìn-ín, obìnrin kì í ṣe ẹni tí a ń fà jáde láti ọ̀run; ẹlẹgbẹ́ ìrìn àjò ni. Bí a bá fẹ́ mọ ohun tí Eurydice ìbá ti jẹ́ ká ní wọ́n fún un ní ẹnu, inú ìwé Tutùọlá ni ó wà.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn. Ní ìlú òkú Tutùọlá, àwọn òkú kì í rìn síwájú. Ẹ̀yìn ni wọ́n ń fi rìn, inú sì ń bí wọn sí alààyè tí ó bá ń kọjú síwájú láàárín wọn. Nígbà tí mo kà á lẹ́yìn tí mo ti wo Cocteau, ẹnu yà mí. Ohun tí ọmọ Faransé fi ẹ̀rọ ṣe, tí ó yí fíìmù padà kí ìbọ̀wọ́ lè fò sọ́wọ́, kí òdòdó tí a ti fà ya lè padà di odidi, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì kan ní Èkó ti fi gẹ́gẹ́ṣẹ́ kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ìlú. N kò sọ pé ẹnì kan rí ti ẹnì kejì. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn méjèèjì mọ̀ pé àgbègbè òkú kò nílò ohun ẹ̀rù. Ó tó kí ohun tí a mọ̀ máa ṣẹlẹ̀ ní òdìkejì.

Ẹ̀kẹrin ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹlẹ́mu sọ fún Ọ̀mùtí pé òkú kò lè bá alààyè padà, ó sì fún un ní ẹyin kan. Ẹyin náà ni Ọ̀mùtí mú dé ilé nígbà tí ìyàn ńlá mú. Ohunkóhun tí ó bá bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ń rí, oúnjẹ àti ohun mímu. Gbogbo ayé rọ́ wá, wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣeré. Nínú eré náà ni wọ́n fọ́ ẹyin. Ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n ẹyin tí a lẹ̀ kò mú oúnjẹ jáde mọ́. Pàṣán ni ó ń mú jáde, ó sì na gbogbo àwọn tí wọ́n wá jẹun.

Ìyàtọ̀ tí mo ń wá ni èyí. Ní Gíríìkì, akéwì ni ó ba ẹ̀bùn rẹ̀ jẹ́ nítorí pé kò lè pa èèwọ̀ mọ́. Ní tiwa, ẹni tí ó lọ sọ́run pa èèwọ̀ mọ́, ó sì mú ẹ̀bùn dé. Àwọn tí ẹ̀bùn náà ń bọ́ ni wọ́n fọ́ ọ. Wọn kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Àjẹyó ni wọ́n jẹ, ayọ̀ ni wọ́n ń yọ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé àlọ́ lásán ni èyí, kí ó rántí Ọ̀run Móoru. Ọlá Balógun, tí ó kọ́ṣẹ́ fíìmù ní ilé ẹ̀kọ́ IDHEC ní Paris, ni ó darí rẹ̀ ní 1982. Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Bàbá Sàlá, ni ó sì jẹ́ ẹ̀mí rẹ̀. Ìtàn náà rọrùn: oníjìbìtì lu ọkùnrin kan ní jìbìtì owó, ayé sú u, ó fẹ́ kú, ó dé ọ̀run, wọ́n sì sọ fún un pé àkókò rẹ̀ kò tíì tó. Ẹ wo bí ìdí ìrìn àjò ti yí padà. Orpheus lọ nítorí ìfẹ́, Ọ̀mùtí lọ nítorí ẹmu, ti Bàbá Sàlá jẹ́ nítorí owó tí ó sọnù. Owó epo ti yí ìlú padà, ọ̀run pàápàá sì ti móoru. Gẹ́gẹ́ bí fíìmù, kò ní ìtọ́jú ti Cocteau. Ọ̀run rẹ̀ ń lo ìdẹ́rùbà tí kò nílò. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá Sàlá fúnra rẹ̀ ju gbogbo ìdẹ́rùbà lọ: ẹni tí ebi ń pa lójú òkú, tí ó ṣì ń ná ọjà níwájú Ikú.

Ní àsìkò yẹn, ẹni tí ó ṣe fíìmù Yorùbá kò ní olùpínkiri. Òun tàbí ènìyàn rẹ̀ ni ó ń gbé fíìmù láti ìlú dé ìlú, tí ó ń háyà gbọ̀ngàn. Ní Èkó, National Theatre ní Ìgànmú, tí wọ́n ṣí ní 1976, tí wọ́n sì sọ ní orúkọ Wọlé Ṣóyínká ní 2024, ni wọ́n ti sábà máa ń fi irú fíìmù bẹ́ẹ̀ hàn nígbà ọdún. Gbèsè ni Bàbá Sàlá jẹ láti ṣe Ọ̀run Móoru. Kí fíìmù náà tó rìn jìnnà, wọ́n ti jí i dà kọ sórí fídíò, ẹ̀dà rẹ̀ sì kún ìgboro. Gbèsè kù sí i lọ́rùn. Ó ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ó sì gbé ayé títí di 2018, ṣùgbọ́n ìpalára náà kò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀.

Àwọn tí ó jí i dà kọ jẹ́ olè. Kò sí àlàyé tí ó lè wẹ̀ wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n olè nìkan kọ́ ni ó fọ́ ẹyin yìí. Ẹni tí ó ra ẹ̀dà náà tàbí tí ó yá a wò, tí ó kó ọmọ àti aládùúgbò jọ sí yàrá kan ní Mushin tàbí Surulérè, tí wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́, ó fẹ́ràn Bàbá Sàlá. Ìfẹ́ rẹ̀ kò sì ní ẹ̀tàn nínú. Mo mọ ohun tí ènìyàn lè fi dá mi lóhùn: owó ìwọlé kò rọrùn fún ẹni tí ó ní ìdílé, ẹ̀rù ń bani láti jáde lóru, nígbà tí ọrọ̀ ajé tún wọ́ sí i, pàápàá lẹ́yìn ètò SAP ti 1986, àwọn ilé sinimá ń kú, òmíràn di ṣọ́ọ̀ṣì, òmíràn di ilé ìkẹ́rù. Òtítọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìyàn mú ní ìlú Ọ̀mùtí náà. Ìyàn ni ó mú kí ẹyin ṣe iyebíye, kò sì sọ fífọ́ rẹ̀ di ohun kékeré.

Pàṣán tí ẹyin tí a lẹ̀ pọ̀ mú jáde ńkọ́? Ní èrò tèmi, a ti rí i. Fíìmù sẹ́lúlọ́ìdì Yorùbá kú tán. Fídíò gba ipò rẹ̀, Surulérè sì di ibùdó àwọn tí ń ṣe é ní àwọn ọdún 1990. Nínú ọ̀pọ̀ fídíò wọ̀nyí, ọ̀run di ibi tí iná ti ń jáde lójú babaláwo, tí àjẹ́ sì ń pòórá nínú èéfín olówó pọ́ọ́kú. Ohun tí a kò fẹ́ san owó rẹ̀ nígbà tí a ṣe é dáadáa, a ti ń san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá ní ìran tí kò ní òfin, tí kò ní oríta, tí kò ní èèwọ̀.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn mi fún ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ ṣe fíìmù nípa ọ̀run ni pé kí ó wo Cocteau fún ìwọ̀ntúnwọ̀nsì rẹ̀: dígí kan, ìbọ̀wọ́ kan, rédíò kan, àti òfin tí a kò gbọ́dọ̀ rú. Kí ó sì ka Tutùọlá fún ohun tí Cocteau kò mọ̀, pé ẹni tí ó ti ọ̀run bọ̀ kò dá ẹ̀bùn rẹ̀ mú wálé fún ara rẹ̀. Fún àwa òǹwòran, ìmọ̀ràn náà kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo wa ni a ti kọ́ akéwì pé kí ó ṣọ́ ohùn rẹ̀ bí ẹyin. Ó kù kí a kọ́ ara wa bí a ti ń jẹun nídìí ẹyin láì fọ́ ọ.